Kọ̀ǹpútà Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Jí

Bí ènìyàn bá sùn tí ilẹ̀ mọ́ tí kò sì jí, ariwo ni yóò gba gbogbo ilé. Àwọn kan yóò máa pe orúkọ rẹ̀, àwọn kan yóò máa wọ́n omi sí i lójú, àwọn mìíràn yóò sì sáré lọ pe oníṣègùn. Kò sí ẹni tí yóò ní kí á gbẹ́ ilẹ̀ nígbà tí a kò tíì fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń mí. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò jí, ohun tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń ṣe sí i gan-an nìyí: wọn a sin ín láàyè. Wọn a ní kí á pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Irú ìsìnkú òjijì bẹ́ẹ̀ ni ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa ní Ìlọrin, òun ni ó sì mú mi kọ àròkọ yìí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Aṣọ òfì ni ìyá rẹ̀ ń tà, láti inú èrè aṣọ náà ni ó sì ti fi sùúrù kó owó jọ tí ó fi ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan fún un. Inú láptọ́ọ̀pù yìí ni ọmọ náà kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ sí, orí mẹ́rin nínú orí márùn-ún. Windows 10 ni ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà. Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní irú ètò bẹ́ẹ̀, tí ó jẹ́ olórí fún àwọn ètò yòókù, tí kò sì sí èyí tí ó lè ṣe ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, ètò àgbà ni n ó máa pè é.

Nísinsìnyí, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dá ìtọ́jú tí wọ́n ń fún Windows 10 dúró, àfi fún àwọn tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àsìkò. Windows 11, tí ó ti jáde láti ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021, kò sì gba gbogbo ẹ̀rọ láàyè. Ó ń béèrè ohun ààbò kan tí à ń pè ní TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kò ní. Ọmọ wa rò ó títí, ó sì pinnu pé òun yóò fi Ubuntu sí ẹ̀gbẹ́ Windows náà, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, kí òun sì máa lo èyí tí ó bá wu òun. Ìpinnu náà kò burú. Ọ̀fẹ́ ni Ubuntu. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Mark Shuttleworth, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2004, orí iṣẹ́ Linux ni a sì kọ́ ọ lé, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland. Àwọn Súlù àti Kósà ni wọ́n ni ọ̀rọ̀ náà ubuntu. Bí Yorùbá bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀, yóò pè é ní ìwà ọmọlúàbí, yóò sì fi kún un pé ènìyàn ni aṣọ òun.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, èyí tí àwọn ará Ìlọrin ń pè ní Àtìní, ni ó gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Èmi kò mọ ohun tí ó mú un tí kò fi lè dúró de ọjọ́ Ìṣẹ́gun; ìkánjú ọ̀dọ́ ni. Nígbà tí ó fi máa di ààjìn, ètò tuntun ti wọlé, ẹ̀rọ ní kí ó pa òun kí ó sì tún òun tan. Ó pa á, ó tún un tan. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, lẹ́tà funfun díẹ̀ sì yọ lójú rẹ̀: No bootable device. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹ̀rọ náà wá ohun tí yóò jí òun títí, kò sì rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní ìgboro. Ẹni yẹn wò ó fún ìṣẹ́jú méjì, ó ní dísìkì ti kú, tàbí bí kò bá kú, àfi kí á pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Orí mi kọ́kọ́ gbóná nígbà tí mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á ṣe òdodo sí àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí. Owó kékeré ni à ń san fún wọn, kíákíá ni a sì ń fẹ́ kí wọ́n ṣe é. Pípa nǹkan rẹ́ kì í gba àkókò, wíwá ìdí rẹ̀ ni ó ń gba àkókò, kò sì sí ẹni tí ń sanwó àkókò yẹn.

Ọmọ náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde níbẹ̀, ó sì gba ilé mi lọ. Bí ó ti wọlé ni ó dọ̀bálẹ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí. Wọ́n ní àfi kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.”

Mo bi í pé, “Ǹjẹ́ o da ìwé rẹ kọ sí ibòmíràn?”

Kò dáhùn. Ó kàn ń wo ilẹ̀ ni.

Kí á tó lè mọ ìdí tí nǹkan kan kò fi jí, ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ bí ó ti máa ń jí. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì tí ń tan kọ̀ǹpútà, ètò àgbà kò sí lórí ìtẹ́ rárá. Ó ń sùn lórí dísìkì ni. Mẹ́mọ́rì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣe gbogbo ìrònú rẹ̀, ṣófo bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, nítorí pé ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó máa ń pòórá nígbà tí iná bá ti lọ. Níbo ni ìjí náà yóò ti wá? Ètò àgbà ni ó mọ bí a ti ń gbé ètò láti orí dísìkì wá sínú mẹ́mọ́rì, orí dísìkì ni òun náà sì wà. Èyí rú àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ yìí lójú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi yá ọ̀rọ̀ lò láti ara bàtà: wọ́n ní ó dà bí ẹni tí ó di okùn bàtà ara rẹ̀ mú tí ó fi gbé ara rẹ̀ sókè kúrò nílẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ bàtà yìí ni bọ́ọ̀tù ti wá, tí àwọn oníṣẹ́ wa fi ń wí pé ẹ̀rọ kan kò bọ́ọ̀tù.

Ẹ jẹ́ kí á fi ààfin ọba ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí í kọ́kọ́ jí ní ààfin ni aṣọ́nà, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni ó ń gbé. Òun ni yóò yí ilé ká láti wò bóyá ohun gbogbo wà ní ipò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ pe onílù. Onílù ni yóò lu ìlù ìdájí, ọba yóò sì jí, ìlú yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Aṣọ́nà kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ọba lọ láti jí i, kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀; onílù nìkan ni ó mọ ọ̀n.

Aṣọ́nà kọ̀ǹpútà ni ètò kékeré kan tí a kọ sínú ègé ohun èlò kan lórí pátákó ńlá inú ẹ̀rọ náà. Kò sí lórí dísìkì, nítorí náà, bí a tilẹ̀ yọ dísìkì sọnù pátápátá, aṣọ́nà yóò ṣì jí. BIOS ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà àdáni rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981. Ti ayé òde òní ni à ń pè ní UEFI, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kọ̀ǹpútà kóra jọ ṣe ìlànà fún láti ọdún 2005. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń yẹ mẹ́mọ́rì àti pátákó ìtẹ̀wé àti dísìkì wò nígbà tí wọ́n bá jí, tí wọ́n sì ń wá onílù kiri. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń wá a kò dọ́gba, ìhín sì ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Aṣọ́nà ayé àtijọ́ a máa lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì tààrà, yóò sì ka báìtì 512 péré. Ìwọ̀nba lẹ́tà 512 ni èyí, kò sì tó ìdajì ojú ewé kan nínú ìwé. Nínú rẹ̀, báìtì 446 jẹ́ ti onílù, 64 jẹ́ àkọsílẹ̀ bí a ti pín dísìkì náà sí, méjì tí ó kù sì jẹ́ èdìdì. Bí aṣọ́nà bá dé ibẹ̀ tí kò bá èdìdì yìí, yóò yí padà, yóò lọ kan ilẹ̀kùn mìíràn. Aṣọ́nà òde òní kì í wo ibẹ̀ rárá. Ìpín kékeré kan wà tí a ti yà sọ́tọ̀ lórí dísìkì fún un, tí a sì ṣètò rẹ̀ ní ọ̀nà tí òun yóò fi lè ka fáìlì inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni onílù òde òní ń gbé, ó sì jẹ́ fáìlì gẹ́gẹ́ bí fáìlì yòókù, àfi pé .efi ni ìparí orúkọ rẹ̀. Bí onílù méjì tàbí mẹ́ta bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ́nà ní àkójọ orúkọ wọn, ó sì mọ ẹni tí òun yóò kọ́kọ́ pè.

Nítorí náà, bí onílù bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí aṣọ́nà sì ń wá a ní ojúde, ààfin yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Ọba kò kú. Onílù kò kú. Aṣọ́nà kò kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kọjá lọ lóde yóò ní ilé ti dahoro.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ náà kí n tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á bi ara wa ni pé: ibo ni ìjí náà dúró sí? Bí a bá tẹ bọ́tìnnì tí iná kò tàn, tí a kò gbọ́ ariwo kankan, tàbí tí ẹ̀rọ ń ké pí-pí-pí tí nǹkan kan kò sì hàn lójú rẹ̀, aṣọ́nà fúnra rẹ̀ ni kò rí ara gbé. Kò wọ́pọ̀ kí ètò tuntun tí a fi sórí dísìkì ṣe irú ìyẹn. Ẹ wo ṣájà, ẹ wo bátìrì, ẹ wo mẹ́mọ́rì bóyá ó ti mì kúrò ní ipò rẹ̀. Bí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ náà bá hàn, tí ọ̀rọ̀ sì tẹ̀ lé e pé kò sí ohun tí yóò jí òun, aṣọ́nà ti jí, kò rí onílù ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìlù ti dún, tí ojú ẹ̀rọ wá di aláwọ̀ búlúù tàbí tí Ubuntu bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ lórí ara wọn tí ó sì dúró láàárín ọ̀nà, ọba ti dìde lórí ibùsùn, ó ṣubú ni. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí. Ẹni tí ó bá lo oògùn ọ̀kan fún èkejì, ìyà ni yóò fi jẹ ara rẹ̀.

Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí ènìyàn máa sáré pa ẹ̀rọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yọ lójú rẹ̀. Kí ó dà á kọ sínú ìwé ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Lóòótọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni aṣọ́nà ń sọ. Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń pè ní Alt-I ní Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ ribiribi láti mú kí kọ̀ǹpútà gbọ́ Yorùbá, Microsoft pàápàá sì ti fi àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀ fún Windows nígbà kan rí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí aṣọ́nà jókòó sí. Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín. Gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni aṣọ́nà mọ̀ ọ́n sọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a wọ ojú ewé ètò aṣọ́nà náà lọ. Bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ láti dé ibẹ̀ yàtọ̀ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì: F2 ni lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Dell, Esc tàbí F10 lórí HP, Delete lórí ọ̀pọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Kí ènìyàn máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí ó bá ti tan ẹ̀rọ. Bí a ti dé ibẹ̀, mo fi ìka hàn án: orúkọ dísìkì rẹ̀ nìyẹn, bí ó ti tóbi tó nìyẹn. Òkú kì í dáhùn orúkọ. Dísìkì tí ó ti kú pátápátá kì í sábàá hàn lójú ewé yìí, tàbí bí ó bá hàn, yóò máa ṣe ségesège, yóò sì máa dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ìgbà tí ẹyẹ àkókó bá ń sọ igi. Ti ọmọ wa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà náà ni mo tó rí i tí ó mí kanlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a kò tíì tún ohunkóhun ṣe. Ohun tí a ó gbà là ni a kọ́kọ́ gbà là. Fíláàṣì tí ó fi gbé Ubuntu wọlé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A fi í bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, a sì ní kí ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ jí. Ubuntu ní àǹfààní kan tí mo fẹ́ràn gidigidi: ó lè jí láti orí fíláàṣì kí ó sì máa ṣiṣẹ́ láìfi ọwọ́ kan dísìkì, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí ó mú ẹní tirẹ̀ wá. A yan èyí tí ó ní kí á dán an wò, kì í ṣe èyí tí ó ní kí á fi í sínú ẹ̀rọ. Láti ibẹ̀ ni a ti ṣí ìpín tí Windows ń lò. Orí kìn-ín-ní, orí kejì, orí kẹta, orí kẹrin, gbogbo wọn ni ó wà ní ibi tí ó fi wọ́n sí. A dà wọ́n kọ sórí fíláàṣì mìíràn, mo sì ní kí ó tún fi wọ́n ránṣẹ́ sí àpótí lẹ́tà ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tí ìyá rẹ̀ ta òfì fún ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Bí ẹ̀rọ náà bá wá bàjẹ́ lẹ́yìn èyí, irin àti ike lásán ni ó bàjẹ́.

N ó ṣe ìkìlọ̀ kan níhìn-ín. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí Windows ti fi BitLocker ti dísìkì wọn pa, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé olówó ẹ̀rọ mọ̀. Irú dísìkì bẹ́ẹ̀ kò ṣe é kà láti ìta láìsí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ òǹkà 48. Kódà, bí a bá kàn yí ètò aṣọ́nà padà, ó lè béèrè kọ́kọ́rọ́ náà kí ó tó gbà láti jí. Ẹni tí ó bá ní láptọ́ọ̀pù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí ó wá òǹkà yìí, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé kan ní ilé, nígbà tí ara ẹ̀rọ ṣì le.

Nígbà tí ọkàn ti balẹ̀, mo bi ọmọ náà pé kí ó rò fún mi bí ó ti ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má sì fo ohunkóhun. Ó ní fíláàṣì kò kọ́kọ́ fẹ́ jí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá ní kí ó lọ yí ètò aṣọ́nà padà láti UEFI sí èyí tí à ń pè ní Legacy, èyíinì ni ìlànà ayé àtijọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, fíláàṣì sì jí. Ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa títí ó fi kù díẹ̀ kí ó parí, tí ìkìlọ̀ kan yọ, ṣùgbọ́n òun kò kà á, òun kàn tẹ̀ ẹ́ kúrò ni.

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Windows rẹ̀ ti wà lórí dísìkì náà ní ìlànà òde òní, onílù rẹ̀ sì wà nínú ìpín kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó wá yí aṣọ́nà padà sí ìlànà àtijọ́, Ubuntu tí ó jí ní ìlànà yẹn gbìyànjú láti fi onílù tirẹ̀, tí à ń pè ní GRUB, sí ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì. Ṣùgbọ́n dísìkì tí a pín ní ọ̀nà òde òní kò ní àyè fún irú onílù bẹ́ẹ̀, àfi bí a bá dìídì ya ìpín kékeré kan sọ́tọ̀ fún un. GRUB kò rí ibi jókòó. Ohun tí ìkìlọ̀ náà ń wí nìyẹn, tí ọmọ wa tẹ̀ kúrò. Aṣọ́nà ń wá onílù ní ojúde, níbi tí kò ti sí ẹnì kankan. Onílù Windows wà ní ẹ̀yìnkùlé ní gbogbo ìgbà náà, ó ń retí kí á pe òun.

A padà sí ojú ewé ètò, a yí Legacy padà sí UEFI, a fi í pamọ́, a sì jáde. Windows jí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà fo sókè, ó sì tún padà dọ̀bálẹ̀. Iṣẹ́ tí ó fẹ́ gba gbogbo nǹkan rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju kí á yí ọ̀rọ̀ kan padà lọ.

Ó ku Ubuntu tí ó wọlé ní ààbọ̀. Ìdí tí fíláàṣì kò fi jí ní ìlànà òde òní ni pé ìlànà àtijọ́ ni ó yàn nígbà tí ó ń ṣe fíláàṣì náà. Rufus ni ètò tí ó lò, ó sì máa ń béèrè irú ọ̀nà tí a fẹ́ kí fíláàṣì máa gbà jí. A tún un ṣe, a mú kí ó jí ní UEFI, a pa ìpín tí Ubuntu àkọ́kọ́ gbà rẹ́, ìyẹn nìkan ṣoṣo, a sì tún fi í sí ààyè rẹ̀. Ní ìgbà yìí kò sí ìkìlọ̀ kankan.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí kò jí ni ó jẹ́ ọ̀ràn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo máa ń bá pàdé jù lórí tòkunbọ̀. Mo ti rí èyí tí fíláàṣì nìkan ni a gbàgbé sí i lára, tí aṣọ́nà sì ń padà lọ bá fíláàṣì náà ní gbogbo ìgbà. Mo ti rí èyí tí Windows jí nígbà tí Ubuntu dà bí ẹni tí ó pòórá. Orúkọ onílù Windows ni ó bọ́ sí iwájú nínú àkójọ, gbígbé ti Ubuntu lékè rẹ̀ sì ti tó. Àwọn mìíràn a máa yí ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀, láti RAID sí AHCI, nítorí pé Ubuntu kò rí dísìkì náà. Bí wọ́n bá fẹ́ padà sí Windows lẹ́yìn náà, ojú ewé búlúù yóò yọ, INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE yóò sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ó yí, kí ó yí i padà. Ẹni tí kò bá rántí ni ó wà nínú wàhálà, nítorí náà ni mo ṣe ń wí pé kí á ya àwòrán ojú ewé ètò kí á tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀.

Ti ilẹ̀ wa náà tún wà. Fáìlì Ubuntu tí à ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lé ní gígábáìtì 5 báyìí, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì já láàárín, ó lè dé ní àbùkù tí ojú kò lè rí. Àwọn tí ó ṣe é máa ń fi àmì kan tì í, SHA-256 ni wọ́n ń pè é, lẹ́tà àti òǹkà 64. Bí èyí tí a ṣírò láti ara fáìlì tiwa bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀, kí á dà á nù kí á tún un gbà. Iná a sì máa lọ nígbà tí ètò ń wọlé lọ́wọ́. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dára yóò la irú rẹ̀ já, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà orí tábìlì yóò kú pẹ̀lú ọba tí a kò tíì dé ládé tán, kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí á tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ ni bátìrì kékeré bí owó ẹyọ tí ó wà lórí pátákó inú ẹ̀rọ, CR2032, oní-fólítì 3. Òun ni ó ń bá aṣọ́nà rántí ètò rẹ̀ àti ọjọ́ òní nígbà tí iná kò sí. Lára ẹ̀rọ tí ó ti pẹ́ nílùú òyìnbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bátìrì yìí ti sábàá kú. A ó tún ètò ṣe ní alẹ́, ẹ̀rọ yóò jí. A ó yọ ọ́ kúrò lára iná, ilẹ̀ yóò mọ́, yóò tún gbàgbé. Bí ẹ bá rí i tí kọ̀ǹpútà ń wí pé ọdún tí ó ti kọjá tipẹ́ ni a ṣì wà, ẹ pààrọ̀ bátìrì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú Windows.

Àwọn àgbà ìlú wa a máa wí pé ibi tí àwọn ọdẹ ti ń lọ irin ni orúkọ Ìlọrin ti wá. Mo rántí èyí ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tí ó ń kọ orí karùn-ún, tí ìyá rẹ̀ sì ń pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta láti béèrè bóyá àwọn ti tún un ṣe. Ọjọ́ Àtìní pé, ó gbé ìwé lọ. Bí ó bá ti tan láptọ́ọ̀pù rẹ̀ báyìí, orúkọ méjì ni yóò yọ sí ojú dúdú, Ubuntu lókè, Windows nísàlẹ̀, yóò sì dúró díẹ̀ kí ó lè yan èyí tí ó fẹ́. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan tí ó yan Windows, tí ó fi fíláàṣì kan sí i lára, tí ó da iṣẹ́ ọjọ́ náà kọ sórí rẹ̀, tí ó sì yọ ọ́ sínú àpò kí ó tó pa ẹ̀rọ. Èmi kò sọ ohunkóhun.